Ìjẹ́wọ́ Tí Àbúrò Mi Ò Lè Kọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kó má baà di pé ẹlòmíì ló bá mi sọ ọ́: mo ń jowú àbúrò mi. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Mo ń jowú ẹ̀ bí mo bá jí, mo ń jowú ẹ̀ bí mo bá ń fọ eyín, tí mo bá sì débi iṣẹ́ tí mo rí àwòrán ẹ̀ gàgàrà lára ògiri àbáwọlé, níbi tó ti fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí ayé ń dúró de èrò ẹ̀, mo á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́-n-pé-méjì obìnrin ò dénú. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbúrò ẹ̀ rí ni.

Ẹ ti wo eré ẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò tíì wò ó, torí kò sílé tí tẹlifíṣọ̀n wà tí òkú inú eré àbúrò mi ò tíì sùn sí. Òun ló kọ ti ọlọ́pàá tí kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ ti adájọ́ obìnrin tó ń wá ẹni tó pa ọkọ ẹ̀, òun ló kọ ti dókítà tó ń yẹ òkú wò tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, òun náà sì ni olóòtú gbogbo wọn. Bí ẹ bá sá fún un lórí ìkànnì kan, ẹ ó bá a lórí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kó má pa èèyàn. Àwa tí a ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní Òkú-ò-tán, lẹ́yìn ẹ̀ ni o. Lójú ẹ̀, Ọ̀gá ni. Èmi náà máa ń pè é ní Ọ̀gá bí àlejò bá wà nílẹ̀.

Ibi tí oníkálukú wà, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Bí wọ́n bá pa ẹnì kan nínú eré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìyàwó òkú wà ní àkókò náà, ibi tí awakọ̀ ẹ̀ wà, ẹni tó rí awakọ̀ níbẹ̀, àti ìdí tí ẹni tó rí i fi ń parọ́. Èmi ni ẹni yẹn. Ògiri ọ́fíìsì wa kún fún káàdì, pupa fún òkú, àwọ̀ ewé fún irọ́, funfun fún òtítọ́, èmi ni mo sì ń lẹ̀ wọ́n, tí mo ń ṣí wọn, tí mo ń tún wọn lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí olùwòran tó lè ní òun rí ẹnì kan níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú eré wa. Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú torí ibi tí awakọ̀ wà? Ìjẹ́wọ́ ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n mọ àbúrò mi mọ́. Ní ìparí gbogbo eré ẹ̀, apààyàn á jókòó níwájú ọlọ́pàá, á sì sọ ìdí tó fi ṣe é. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tí ojú wọn gbẹ níbi ìsìnkú bàbá wọn máa ń sunkún níbẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe ìjẹ́wọ́. Àwa yòókù lè kọ ohun gbogbo títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ká wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Tí orúkọ bá wá ń jáde lẹ́yìn eré, tiẹ̀ á jáde lóun nìkan, gàdàgbà: òǹkọ̀tàn. Tèmi á tẹ̀lé ti ẹni tó ń ṣe irun àwọn òṣèré, pẹ̀lú "olùrànlọ́wọ́" níwájú ẹ̀, á sì sáré kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ìjẹ́wọ́ kan péré ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ mọ́tò ẹ̀, mi ò fẹ́ àwòrán lára ògiri. Kí n ṣe ìjẹ́wọ́ kan, kí wọ́n fi orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀tàn, kó dúró lójú tẹlifíṣọ̀n títí èèyàn á fi kà á tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ò yẹ àgbà. Èsì kan náà ló máa ń fún mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹ̀ ni mo lè fún yín. Ẹ ṣáà fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Mo á ní kò burú. Mo á fẹ̀jẹ̀ sínú, mo á tutọ́ funfun jáde, mo á padà sídìí káàdì mi.

Bó ṣe ń ṣe ìjẹ́wọ́ yẹn ò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ wa. Kì í fọwọ́ kọ ọ́, kì í sì í fi í ṣe ìkẹyìn. Ìjẹ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ ṣe. Nínú sítúdíò wa, wọ́n kan yàrá ọlọ́pàá kan tó ní ògiri mẹ́ta, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú. Tábìlì irin wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n fi ìdè dè mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ṣí sí ibi tí wọ́n ń kó wáyà sí. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí òkú ṣe kú, àbúrò mi á lọ jókòó sórí àga apààyàn. Òṣèré tó ń ṣe ọlọ́pàá á jókòó kojú ẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ la ń pe ọkùnrin náà. Lójú kámẹ́rà, ó lè fi ojú lásán mú olè jẹ́wọ́. Nílé ẹ̀, ológbò ló ń lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Á máa bi àbúrò mi ní ìbéèrè, àbúrò mi á sì máa dáhùn bí apààyàn, ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu, títí ìdí á fi já síta.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá wọn lẹ́jọ́. Atẹ̀wé wa ni, obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Kíákíá, tó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ìka ẹ̀ kì í dúró. Bó bá jẹ́ àgbélẹ̀rọ, ìka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní mọ̀. Àbúrò mi ń fetí sí ìka yẹn ju bó ṣe ń fetí sí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ. Nígbà tí apààyàn bá ti sọ ọ́ tán, tí ìka ò dúró, á dìde, á ní, "A ti rí i." Àwa náà á wá lọ máa la ọ̀nà tí eré máa gbà dé ibẹ̀.

Ọdún yìí ni ọ̀ràn wá kàn án.

Eré ìkẹyìn nínú ọ̀wọ́ eré ọdún yìí ni. Wọ́n ti ń polówó ẹ̀ kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìlú fẹ́ràn torí ìtàn tó máa ń sọ lórí rédíò, wọ́n bá òkú ẹ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tó ń bá a ṣe ètò iṣẹ́ ẹ̀, ló pa á. Wọn ò fi ìyẹn pamọ́ rárá, inú ìpolówó ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ìbéèrè tí wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ni: kí ló dé? Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa nínú ọ́fíìsì, mo wo ojú ẹ̀. Àwọn káàdì ló ń wò. Mo ní nínú ara mi pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, ayé kún fún ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó sórí àga. Inspẹ́kítọ̀ bi í pé, "Madam, kí ló dé tí ẹ fi pa àbúrò yín?"

"Torí ogún," ni àbúrò mi wí.

Ìka Ìyá Kíákíá rìn díẹ̀, ó falẹ̀. Ó gbìyànjú òmíràn: ó ní ọkùnrin kan ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Ìka falẹ̀. Ó ní àbúrò ti mọ àṣírí kan nípa òun. Ìyá Kíákíá fọwọ́ nu imú. Àbúrò mi dìde, kò sọ pé a ti rí i, ó gba ibi wáyà jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó tún jókòó, ó sunkún pàápàá, ẹkún gidi, àmọ́ ìka yẹn ò mọ ẹkún. Àwọn òṣèré ti dé. Àwọn tó ń gbé iná ti gbé e. Gbogbo èèyàn wà nílẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wo aago, wọn ò sì lè ṣe nǹkan kan, torí láìsí ìjẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí a ń lọ.

Ẹ bi mí bí inú mi ṣe rí. Inú mi dùn. Mo ra bisikíìtì lọ́nà, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó délé. Ọkọ mi ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí. Ẹni tó ti ń gun òkè bọ̀ látọjọ́ yìí wá dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń yọ̀, èmi sì dúró nísàlẹ̀, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí wá sínú yàrá mẹ́ta-ògiri yẹn. Ojú ẹ̀ ti wọlé. Kò jókòó sórí àga, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ inú obìnrin yìí."

"Á yé ọ tó bá yá."

"Kò ní yé mi. Ẹ bá mi jókòó."

Ó yẹ kí n ti fò sókè. Àmọ́ àgbà kì í fò sókè. Mo ní, "Orúkọ ńkọ́?"

"Orúkọ kí ni?"

"Orúkọ mi. Òǹkọ̀tàn. Kì í ṣe olùrànlọ́wọ́. Kó jáde lóun nìkan, kó tóbi, kó dúró. Tìẹ ò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ó wo ilẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ ń ṣe bí ẹni ń wo bàtà ara ẹ̀. "Mo gbà," ni àbúrò mi wí.

Mo jókòó. Àga náà tutù, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti ní ohun tí màá sọ lọ́kàn, ó ti pẹ́ tí mo ti ní i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé àdéhùn kan tí àbúrò yẹn yí padà, ó dáa, ó mọ́gbọ́n dání, mo ti mọ ibi tí oníkálukú wà nínú ẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ gbé ojú sókè. Ojú ọlọ́pàá ló fi wò mí báyìí, ojú tí kò ní àánú tí kò sì ní ìkà.

"Madam, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ mọ ìtàn sọ?"

Ìbéèrè yẹn ò sí nínú ohun tí mo múra sílẹ̀ fún. Mo ní, "Èmi ni."

"Níbo lẹ ti ń sọ ọ́?"

"Nídìí abọ́," ni mo wí.

Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, mi ò sì lè dá a padà. Mo ní nígbà tí a wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun á máa nù ún. Kó má baà sá lọ ṣeré, mo máa ń sọ ìtàn fún un. Mi ò gbọ́ wọn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, inú orí mi ni wọ́n ti ń wá. Ìtàn olè ni gbogbo wọn. Olè kan wà níbẹ̀ tó máa ń wọ bàtà obìnrin lọ jalè, kí wọ́n má baà fi ipasẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí abọ́ bá ti tán, àbúrò mi á sáré lọ bá Màmá ní pálọ̀, á sọ ìtàn náà fún un bí ẹni pé òun ló ni ín. Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Á pe ará ilé kejì, á ní ẹ wá gbọ́ ẹnu ọmọ mi. Èmi á wà nídìí abọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, mo á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ ò sọ fún ìyá yín pé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Kò bi mí."

"Ẹ lè sọ láìjẹ́ pé ó bi yín."

"Ìyá mi ni. Mo rò pé ó yẹ kó mọ ohùn mi nínú ẹ̀."

Ìka Ìyá Kíákíá ń rìn. Mo ń gbọ́ ọ, ó ń rìn láìdúró.

"Kí lẹ wá ṣe?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi mí.

"Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìparí pamọ́. Mo á sọ ìtàn dé ibi tí ọwọ́ ti fẹ́ tẹ olè náà, mo á dákẹ́, mo á ní abọ́ ti tán. Ó bẹ̀ mí. Ó fi ẹran inú oúnjẹ ẹ̀ bẹ̀ mí. Mo jẹ ẹran náà, mi ò sọ ìparí. Ló bá di pé kó máa wá ìparí fúnra ẹ̀. Ó wá a títí ó fi mọ̀ ọ́n wá jù mí lọ, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, mo wá ń bá a ṣètò iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn á kí i tán, wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, ṣé ẹ̀yin náà ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbí ni? Ẹ ní kí ló dé tí mo fi pa á. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ibi tó ti burú nìyẹn. Ká ní ọ̀tá mi ni, ǹ bá ti bá tèmi lọ."

Inspẹ́kítọ̀ ní ìbéèrè kan tó máa ń fi parí, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Kò bi mí. Ó gbàgbé. Àbúrò mi dúró síbi tí ilẹ̀kùn wà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"A ti rí i," ó ní, ó sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wá bá mi níbi káàdì. Ó fa àga kan, kò jókòó sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ká yọ abọ́ kúrò? A lè fi aṣọ fífọ̀ rọ́pò ẹ̀. A lè yọ bàtà obìnrin náà kúrò pẹ̀lú."

"Bó o bá yọ ọ́, kì í ṣe tèmi mọ́."

"Màmá máa wò ó."

Mo mọ̀ pé Màmá máa wò ó. Lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń wò ó. Ohun tí mo fẹ́ látọjọ́ yìí wá dúró níwájú mi, ìyà tó bá a wá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: bí orúkọ mi bá jáde lóun nìkan, tí ẹnì kan bá kà á fún un, Màmá máa mọ̀ pé inú èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mo rò ó wò. Mo lẹ káàdì funfun kan mọ́ ògiri, mo tún yọ ọ́.

"Jẹ́ kó wò ó," ni mo wí.

Ilé Màmá la ti wò ó, àwa mẹ́ta péré. Pálọ̀ ẹ̀ kéré, tẹlifíṣọ̀n tí àbúrò mi rà fún un ló gba ìdajì ẹ̀. Ojú Màmá ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ó ń rí àwòrán bó bá súnmọ́ ọn, àmọ́ lẹ́tà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Òun àti àbúrò mi jọ jókòó sórí àga gígùn, ọwọ́ ẹ̀ wà lórí itan ọmọ ẹ̀. Mo jókòó sórí àga ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: Màmá máa ń sùn nídìí eré àbúrò mi. Kó tó di ìdajì, orí á ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá jí i níparí, á ní ó dáa gan-an ni, ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é.

Lọ́jọ́ yìí, kò sùn. Òṣèré obìnrin náà jókòó sórí àga apààyàn, ó ní, "Nídìí abọ́." Mo rí ọwọ́ Màmá tó kúrò lórí itan àbúrò mi, tó lọ bá èkejì. Ó dé ibi bàtà obìnrin. Ó dé ibi "ẹ wá gbọ́ ẹnu ọmọ mi." Màmá tẹ orí síwájú. Nígbà tí obìnrin yẹn ní òun rò pé ó yẹ kí ìyá òun mọ ohùn òun nínú ẹ̀, ó wá ń wù mí kí iná lọ.

Eré parí. Orin dún. Orúkọ mi jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, gàdàgbà, òun nìkan, funfun lórí dúdú, bí àbúrò mi ṣe ṣèlérí gẹ́lẹ́. Ó dúró. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó kà á ni kò lè kà á.

"Ta ló kọ èyí?" ni Màmá bèèrè.

"Èmi ni, Màmá," ni àbúrò mi wí.

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ bá tèmi pàdé, ó sì ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń gbà sílẹ̀ tàbí Màmá. Inú rere ló fi ṣe é, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àga gígùn yẹn náà ló jókòó sí, ìyá kan náà ló ń sọ fún, èmi sì tún wà lápá kan, mo ń gbọ́.

"Irọ́ ló ń pa, Màmá," ni mo wí. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Màmá yíjú wá síbi tí ohùn mi ti wá. "Ìwọ?"

"Èmi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Ó yíjú sí ẹnì kejì. "Olè tó wọ bàtà obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ló ni ín, Màmá," ni àbúrò mi wí, ohùn ẹ̀ sì wálẹ̀. "Gbogbo wọn pátá. Èmi kàn ń nu abọ́ ni."

Wọ́n ń polówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. "Mo ti fi ìtàn yẹn yangàn kiri," ni Màmá wí. "Àwọn tí mo sọ ọ́ fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Mi ò lè lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà pé ọmọ tí mo wí fún wọn kọ́." Ó nu ojú ẹ̀. "O wà níbẹ̀, o ń wò mí."

"Mo ń wò yín, mà."

"O ò sì sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò bi mí."

Kò bẹ̀ mí. Màmá kọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ ló fi lu àga gígùn náà lápá ọ̀tún ẹ̀, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ kékeré, mo sì dìde lọ jókòó síbẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, orúnkún tó ń dùn mí, mo lọ. Ó súnmọ́ mi títí mo fi ń gbọ́ òórùn ìpara ẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́?" ó ní.

"Ta ni, mà?"

"Olè yẹn. Èyí ò sọ ìparí ẹ̀ fún mi rí. Mo bi í bi í, á ní òun ò tíì mọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni."

Mo gbójú sókè wo àbúrò mi. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹnu ẹ̀ là díẹ̀. Ẹni tó ti pa gbogbo èèyàn ìlú tán lórí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́, ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè mí. Ó tún wo apá Màmá tó wà ní èjìká mi. Màmá ò sùn nídìí tèmi. Kò ní Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ìbéèrè ló ń bi mí, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ìyẹn tí kò bi àbúrò mi rí lórí gbogbo òkú tó pa. Mo mọ ojú tí àbúrò mi ń ṣe yẹn. Nínú dígí mi ni mo ti máa ń rí i.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

"Lọ bá wa gbé omi wá," ni mo wí fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́—"

"Omi tútù. Kó o sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó o bá wọlé."

Ó wo Màmá. Màmá ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ wí ni?"

Ó dìde, ó lọ, Ọ̀gá wa, Òkú-ò-tán. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn padé. Mo wá gbé ẹnu sí etí Màmá, mo sọ bí ọwọ́ ṣe tẹ olè náà, ẹni tó mú un, àti ohun tí ó wí nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kí àbúrò mi tó gbé omi dé, Màmá ti ń rẹ́rìn-ín, ó dì mí lọ́wọ́ mú, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife méjì lórí àwo. "Kí ni ìparí ẹ̀?" ó bèèrè.

"Bi ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Màmá wí.

Ó ti bi mí. Ó bi mí nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí lọ́jọ́ Ajé níwájú Inspẹ́kítọ̀ àti Ìyá Kíákíá. Ó ti ní òun máa fi gbogbo ìjẹ́wọ́ ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú orúkọ mi, bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tíì sọ ìparí náà fún un.